Ìbéèrè Kẹrin: Ìtàn Bí Ìbò Ará Ìlú Ṣe Tú Òfin Igbó ní Amẹ́ríkà

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó fún ọmọ ènìyàn ní làákàyè, tí ó sì fi ṣe àmánà sí i lọ́wọ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ní ọjọ́ Jímọ̀ kan láìpẹ́ yìí, lẹ́yìn tí a ti kírun tán, bàbá kan nínú ìjọ wa dúró dè wá ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí. Ó ní, “Ààfáà, ní ọdún 2022 tí wọ́n ní kí a dìbò lórí ọ̀rọ̀ igbó, ‘bẹ́ẹ̀ ni’ ni mo sàmì sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ro ẹjọ́ nítorí igbó rí, kò sì rí iṣẹ́ gidi ṣe mọ́ láti ìgbà náà. Mo rò pé àánú ni mo ṣe. Nísinsìnyí, ọmọ tèmi gan-an ń mú un wọlé. Nígbà tí mo bá a wí, ó ní, ‘Dádì, ẹ̀yin náà lẹ dìbò fún un.’ Ààfáà, ṣé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣílẹ̀kùn fún un ni?”

A kò dá bàbá náà lóhùn lójú ẹsẹ̀. A ṣèlérí fún un pé a ó kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, nítorí a mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kí a tó lè sọ ohun tí ìbò náà ṣe àti ohun tí kò ṣe, ó yẹ kí a mọ ibi tí òfin náà ti wá.

Bí òfin ṣe kọ́kọ́ dé

Ewéko tí àwa Yorùbá ń pè ní igbó kì í ṣe àjèjì ní Amẹ́ríkà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣègùn ibẹ̀ ń lò ó fún ìrora, àwọn tí ń ta oògùn sì ń tà á ní gbangba. Ní ọdún 1913 ni California fi òfin dè é, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì ń tẹ̀lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1930, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti gbógun ti oògùn olóró, wọ́n sì fi Harry Anslinger ṣe olórí rẹ̀. Ọkùnrin yìí kò kúrò lórí àga náà títí di ọdún 1962. Ó tan ìròyìn kálẹ̀ pé igbó a máa sọ ènìyàn di apànìyàn, ó sì ń so ó mọ́ àwọn ará Mexico àti àwọn aláwọ̀ dúdú.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn aṣòfin ní ọdún 1937, Dókítà William Woodward, tí ó ṣojú ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, ta ko àbá òfin náà. Ó ṣàlàyé pé àwọn dókítà kò tètè mọ̀ pé oògùn tí àwọn ti ń lò tipẹ́ ni wọ́n ń fi orúkọ àjèjì pè ní “marihuana”. Wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí òfin náà ní oṣù kẹjọ ọdún 1937, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá. Lára àwọn ẹni àkọ́kọ́ tí a dá lẹ́jọ́ lábẹ́ rẹ̀ ni Samuel Caldwell àti Moses Baca, ní ìlú Denver ní Colorado. Caldwell gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin nítorí pé ó ta igbó. Baca gba ẹ̀wọ̀n oṣù méjìdínlógún nítorí pé wọ́n bá a lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ ìlú Denver sọ́kàn, a ó padà sí ibẹ̀.

Ní ọdún 1970, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin mìíràn tí ó to àwọn oògùn sí ìsọ̀rí márùn-ún. Igbó bọ́ sí ìsọ̀rí kìn-ín-ní tí ó le jù, níbi kan náà pẹ̀lú heroin. Àwọn aṣòfin ní kí ìgbìmọ̀ kan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní. Raymond Shafer, tí ó ti ṣe gómìnà Pennsylvania rí, ni alága rẹ̀. Ààrẹ Richard Nixon ni ó sì yàn án. Ní ọdún 1972, ìgbìmọ̀ náà jábọ̀. Wọn kò sọ pé igbó dára. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí a má ṣe máa ka ẹni tí ó ní ìwọ̀nba díẹ̀ fún ìlò ara rẹ̀ sí ọ̀daràn mọ́. Nixon kọ àbọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni òfin náà dúró, bẹ́ẹ̀ sì ni àìmọye ọ̀dọ́ ń ti orí rẹ̀ wẹ̀wọ̀n.

Ní ilé wa náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún mọ bí ọ̀rọ̀ “ọmọ igbó” ṣe wúwo tó létí òbí. Ìbẹ̀rù náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1966, ìjọba ológun Nàìjíríà gbé òfin kan jáde tí ó fi ikú, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21, ṣe ìyà ẹni tí ó bá gbin igbó. Ẹni tí ó bá mu ún, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10. Ní ọdún 1975 ni wọ́n dín ìyà náà kù, tí wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ ikú kúrò. Ní ọdún 1989 ni wọ́n dá àjọ NDLEA sílẹ̀. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a ti dàgbà. A gbé ìbẹ̀rù náà bá àwọn ọmọ wa dé ìlú tí àwọn alágbára ibẹ̀ ti ń bára wọn jiyàn lórí ohun kan náà.

Láti California dé Denver

Ní ìdajì nínú àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ó kéré tán, ará ìlú lè fi ìbò ṣe òfin tàbí kí wọ́n fi tú òfin ká. Ọ̀nà yìí ni àwọn tí ó fẹ́ kí igbó di ohun òfin gbà. Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ wáyé ní California ní oṣù kọkànlá ọdún 1972, àbá tí wọ́n pè ní Proposition 19. Ó fìdí rẹmi pátápátá: nínú ẹni mẹ́ta tí ó dìbò, bí ẹyọ kan péré ni ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí ohùn padà. Ní ọdún 1996, àwọn ará California kan náà dìbò lórí igbó fún ìwòsàn, Proposition 215, ó sì wọlé pẹ̀lú ìdá 55 àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí wọ́n gbé síwájú olùdìbò lásìkò yìí ni aláìsàn tí kò lè jẹun, tí ara ń ro. Ìyọ́nú wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2010, wọ́n tún gbé àbá fàájì dé ní California, pẹ̀lú orúkọ àtijọ́ náà, Proposition 19. Ó tún ṣubú, ṣùgbọ́n kò ṣubú jìnnà mọ́: ìdá 46 àti díẹ̀ ni ó gbà á.

Ọjọ́ tí ìdè náà já ni ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá ọdún 2012. Ní Colorado, Amendment 64 gba ìdá 55 àti díẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Washington, Initiative 502 ṣe bákan náà. Gómìnà Colorado nígbà náà, John Hickenlooper, ta ko àbá náà, síbẹ̀ ó gbà pé ohun tí ará ìlú bá wí ni òun yóò ṣe. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014, àwọn ènìyàn tò lórí ìlà ní Denver láti ra igbó ní ṣọ́ọ̀bù, ní ìlú tí Caldwell àti Baca ti gba ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1937.

Ohun tí àwọn alátìlẹ́yìn sọ fún ará ìlú kò pọ̀. Wọ́n ní ọjà náà wà tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn jàǹdùkú. Kí ìjọba gbà á lọ́wọ́ wọn, kí ó bu owó orí lé e, kí ó fi owó náà kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Nínú Amendment 64 ni wọ́n ti kọ ọ́ pé mílíọ̀nù 40 dọ́là àkọ́kọ́ nínú oríṣi owó orí kan lọ́dọọdún yóò lọ sí kíkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Àwọn alátakò ní ọmọdé ni yóò jìyà rẹ̀, pé ìjàm̀bá ọkọ̀ yóò pọ̀, pé àwọn oníṣòwò ńlá yóò ṣe é bí wọ́n ti ṣe sìgá.

Ta ni ó jàre? Òdodo ni kí a sọ, bí kò tilẹ̀ bá wa lára mu. Ìwádìí tí Colorado ń ṣe láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama kò fi hàn pé iye ọmọ tí ń mu igbó lọ sókè bí ọ̀pọ̀ ti bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn àgbà, iye àwọn tí ń mu ún pọ̀ sí i. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń gbé dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn nítorí pé wọ́n jẹ súwíìtì tàbí kéèkì tí a fi igbó ṣe náà pọ̀ sí i, títí tí ìpínlẹ̀ náà fi pàṣẹ ní ọdún 2017 pé a kò gbọdọ̀ ṣe súwíìtì igbó ní àwòrán ènìyàn, ẹranko tàbí èso mọ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: súwíìtì tí ẹ bá rí nínú àpò ọmọ yín àgbà, ó lè má jẹ́ súwíìtì lásán.

Kì í ṣe gbogbo ìbò ni ó gba igbó láyè. Ohio kọ̀ ọ́ ní ọdún 2015, ó sì gbà á ní ọdún 2023. South Dakota gbà á ní ọdún 2020, ilé ẹjọ́ fagi lé e. Nígbà tí wọ́n tún bi wọ́n ní ọdún 2022 àti 2024, wọ́n ní rárá. Ní Florida ní ọdún 2024, ó lé ní ìdajì olùdìbò tí ó fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò tó ìdá 60 tí òfin wọn béèrè. Síbẹ̀, nígbà tí ọdún 2023 fi parí, ìpínlẹ̀ 24 ti gbà á láyè, ìbò ará ìlú ni ó sì ṣe é nínú 15 lára wọn.

Maryland àti Ìbéèrè Kẹrin

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá ni ó fi Maryland ṣe ilé, nítorí náà ó yẹ kí a tú ti ibẹ̀ wò dáadáa. Ìpínlẹ̀ yìí kò sáré. Ní ọdún 2014 ni wọ́n sọ pé ẹni tí a bá bá igbó tí kò tó gíráàmù 10 lọ́wọ́ rẹ̀ yóò sanwó ìtanràn, kò ní í rẹ̀wọ̀n. Ní òpin ọdún 2017 ni àwọn ṣọ́ọ̀bù igbó ìwòsàn ṣí. Lẹ́yìn náà ni àwọn aṣòfin fúnra wọn gbé ìbéèrè kalẹ̀ fún ará ìlú ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ìbéèrè kẹrin lórí ìwé ìbò ni: ṣé ẹ fara mọ́ ọn kí ẹni tí ó bá ti pé ọdún 21 lè lo igbó láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 2023? Bí ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọjọ́ ìdìbò kan náà ni wọ́n yan Wes Moore, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò ṣe gómìnà níbẹ̀.

Kí ni ó mú kí àwọn ènìyàn tí kò mu igbó rí sàmì sí “bẹ́ẹ̀ ni”? Bàbá tí ó dá wa dúró ti sọ ọ́: ọmọ ẹ̀gbọ́n. Ní ọdún 2013, ẹgbẹ́ ACLU gbé ìwádìí jáde pé jákèjádò Amẹ́ríkà, bí a bá mú aláwọ̀ funfun kan nítorí igbó, iye aláwọ̀ dúdú tí a ń mú, bí a bá wo iye àwọn méjèèjì nínú ìlú, sún mọ́ ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni iye àwọn tí ń mu ún nínú ẹ̀yà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọlọ́pàá kò béèrè bóyá ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọmọ náà tàbí ọmọ Baltimore kó tó dè é. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà ọdún 2024, Gómìnà Moore fọwọ́ sí ìdáríjì fún ẹjọ́ igbó tí ó lé ní 175,000. Ẹ ronú sí iye náà. Ìdílé mélòó ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀?

Ohun tí àwọn onímọ̀ wa ti yà sọ́tọ̀ tipẹ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa dá lé gan-an nìyí. Àwọn kan rò pé Ìsìláàmù kò mọ igbó, pé ọtí nìkan ni ó mọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún tí àwọn onímọ̀ wa ti ń kọ̀wé lórí rẹ̀ ní orúkọ hashish.

Imáàmù Al-Qarafi, onímọ̀ ńlá nínú madhhab Màlíkì tí àwa Yorùbá ń tọ̀, gbé ní Íjíbítì, ó sì kú ní ọdún 1285. Ó pín ohun tí ń ṣe làákàyè sí mẹ́ta: èyí tí ń pa ènìyàn bí ọtí pẹ̀lú ìdùnnú àti ìgbójú, èyí tí ń ba làákàyè jẹ́ láìsí ìdùnnú bẹ́ẹ̀, àti èyí tí ń múni sùn. Ìsọ̀rí kejì ni ó fi hashish sí. Nítorí náà, ó ní ìyà tí ṣàríà ti dá lé ọtí lórí kò kan ẹni tí ó bá jẹ ẹ́; adájọ́ ni yóò lo òye rẹ̀ láti bá a wí. Ibn Taymiyya, tí ó kú ní ọdún 1328, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tí ń pani bí ọtí ni, ìyà ọtí ni kí wọ́n fi jẹ ẹni tí ó bá lò ó. Az-Zarkashi, onímọ̀ Sháfíì tí ó kú ní ọdún 1392, kọ odidi ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí wọ́n jiyàn lé àti ohun tí wọn kò jiyàn lé. Wọn kò jiyàn pé kí ènìyàn fi í da làákàyè ara rẹ̀ rú jẹ́ hàráàmù. Ohun tí wọ́n jiyàn lé ni ohun tí ìjọba yóò ṣe fún ẹni tí ó bá ṣe é. Ìbéèrè méjì ni wọ́n rí níbẹ̀: èkíní, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Èkejì, irú ìyà wo ni ó tọ́ sí i láyé? Ìdáhùn sí èkíní kò pa èkejì rẹ́, ìdáhùn sí èkejì kò sì yí èkíní padà.

Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ti rí irú rẹ̀. Láti ọdún 1920 títí di oṣù kejìlá ọdún 1933, òfin ilẹ̀ náà ka ọtí títà léèwọ̀. Wọ́n tú òfin náà ká, ọtí sì padà sí ọjà. Ǹjẹ́ Mùsùlùmí kan wà tí ó sọ pé ọjọ́ náà ni ọtí di hàláàlì fún òun? Bẹ́ẹ̀ náà ni igbó. Ní Mẹdínà, kì í ṣe ọlọ́pàá ni ó mú ọtí kúrò nínú ilé. Àṣẹ Ọlọ́hun dé díẹ̀díẹ̀: a kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ewu inú rẹ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà a ní kí wọ́n má sún mọ́ ìrun pẹ̀lú rẹ̀, kí a tó wá kà á léèwọ̀ pátápátá. Ọjọ́ tí àṣẹ ìkẹyìn dé, ìgbàgbọ́ ti jinlẹ̀ nínú ọkàn wọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n da ọtí sí ojú pópó. Ohun tí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin kò lè ṣe ní Denver, ìkọ́ni ṣe é ní Mẹdínà.

Òfin tí ìbò kò tú

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún ara wa. Ìbò ìpínlẹ̀ kò pa òfin ìjọba àpapọ̀ rẹ́, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ sì ni ìwé ìgbélùú gbogbo wa wà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ tí ń fúnni ní ìwé ọmọ ìlú fi ìtọ́sọ́nà síta pé ẹni tí ó bá ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú igbó lè pàdánù ẹ̀rí ìwà rere tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ di ọmọ ìlú, bí ìpínlẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ gbà á láyè. Iṣẹ́ ṣíṣe ní ṣọ́ọ̀bù igbó náà wà nínú ohun tí ó lè fa èyí. Òfin ìwọ̀lú àpapọ̀ tún ka ẹ̀ṣẹ̀ oògùn mọ́ ohun tí a lè tìtorí rẹ̀ lé àlejò kúrò nílùú; àyè kékeré tí ó fi sílẹ̀ ni ti ẹni tí a dá lẹ́bi lẹ́ẹ̀kan péré, nítorí igbó tí kò ju gíráàmù 30 lọ tí ó wà fún ìlò ara rẹ̀. Maryland sì gbà kí àgbà ní tó ọ́ńsì kan àbọ̀ lọ́wọ́, bíi gíráàmù 42. Ẹ rí i pé ohun tí ìpínlẹ̀ kò kà sí ẹ̀ṣẹ̀ ju ohun tí ìjọba àpapọ̀ lè mójú kúrò lára rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá wà lórí gíríìn káàdì tàbí físà, kí ó má tan ara rẹ̀. Bí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀, kí ó rí lọ́yà kí ó tó kọ ohunkóhun sínú fọ́ọ̀mù; kí ó má sì purọ́, nítorí irọ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ó sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin.

Èsì wa fún bàbá náà

Bàbá wa, bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ ní lọ́kàn nígbà tí ẹ sàmì sí “bẹ́ẹ̀ ni” ni pé kí a má ṣe fi igbó ba ayé ọmọ ẹlòmíràn jẹ́ mọ́ bí wọ́n ti fi ba ti ọmọ ẹ̀gbọ́n yín jẹ́, àníyàn yín ni Ọlọ́hun yóò wò. Ọ̀nà tí Al-Qarafi fi yà ìyà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹ̀yin náà tọ̀, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó sì dìbò “rárá” nítorí ìbẹ̀rù fún àwọn ọmọdé, òun náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ má ṣe tìtorí ìbò pe ẹnì kejì rẹ̀ ní ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ yín kò jàre. Ohun tí ìlú sọ fún un ni pé ọlọ́pàá kò ní í mú un. Ìlú kò sọ fún un pé kí ó mu ún, kò sì ní agbára láti sọ ọ́ di hàláàlì fún un. Ẹ pè é, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ sọ ìtàn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó ń wá nínú èéfín náà. Bóyá ìbànújẹ́ ni, bóyá àìsùn ni, bóyá ẹgbẹ́ ni. Ẹ má lé e jáde. Ẹ má sì gbà kí ó máa mu ún nínú ilé yín, nítorí ẹ̀yin ni adájọ́ ibẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, a fi ìkọ́ni sílẹ̀ fún ìbẹ̀rù ọlọ́pàá. Ní báyìí tí ọlọ́pàá ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà, iṣẹ́ náà ti padà sọ́wọ́ ẹni tí ó ni í: ìwọ bàbá, ìwọ ìyá, àti àwa tí a ń dúró níwájú yín kírun.

Nítorí èyí, a pè yín: ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti wọ ilé rẹ̀, kí ó má ṣe tijú wá bá wa lẹ́yìn ìrun. A kò ní í tú àṣírí ẹnikẹ́ni, a kò sì ní í fi ọmọ ẹnikẹ́ni ṣe ìwàásù.

Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ làákàyè àwọn ọmọ wa, kí Ó fi òdodo sínú àwọn òfin ìlú tí a ń gbé, kí Ó sì dárí jì wá níbi tí a bá ti ṣìnà. Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jùlọ. Àmín.